Ọkọ̀ Tó Fara Gbá, Owó Ìnṣọ́ránsì, àti Ìṣirò Tó Yẹ Ká Ṣe Ká Tó Tún Un Ṣe

Lónìí, mi ò bá ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní Sienna, pick-up tàbí bọ́ọ̀sì kékeré tí ẹ fi ń kó irè oko lọ sọ́jà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fara gbá, tí àwọn ìnṣọ́ránsì wá wò ó, tí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n máa san, ìbéèrè kan ló máa ń kù nílẹ̀: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká jẹ́ kó lọ? Ìbéèrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí gbèsè ńlá lọ́dún 2024. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ẹlòmíràn lè fi tèmi kọ́gbọ́n. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Ìdó níbí ni mò ń gbé, kò jìnnà sí gáréèjì tí wọ́n ti ń kó ẹrù lọ sí òkè Ọya. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn oko tí mò ń ṣe ló ń gbé mi dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn. Lọ́dún 2021, mo kó àjọ, mo fi ohun tí mo ti ń tọ́jú kún un, mo ra Toyota Sienna 2004. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ rí mọ bó ṣe máa ń rí lára. Tí mo bá ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, mò ń bọ̀ láti Ìkòròdú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Màmá kan tó ń gbin ṣọkọ àti ewédú níbẹ̀ ti sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ṣebí Ìdó lò ń lọ? Bá mi gbé ìdì ẹ̀fọ́ wọ̀nyí dání, ọmọ mi obìnrin á wá gbà á lọ́wọ́ ẹ ní ìdájí ọ̀la." Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣé ẹni tó ń fún mi lẹ́fọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìgbà ni mo máa gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fi ẹ̀yìn rìn jáde látinú gáréèjì, awakọ̀ ò wo ẹ̀yìn, ó gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, ó sì tì mí lọ lu kọnkéré tó pín títì sí méjì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ká sókè, rédíétọ̀ fọ́, iná iwájú méjèèjì lọ, táyà iwájú kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó rọ́. Bẹ́líìtì dá egbò sí mi láyà, àmọ́ ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi sọ̀ kalẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Awakọ̀ náà dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀. Ó mú ìwé ìnṣọ́ránsì third party jáde, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ìdí ni pé tí ẹnìkan bá ba ọkọ̀ yín jẹ́, third party tiẹ̀ ló yẹ kó san án. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni wọ́n ti sọ owó rẹ̀ di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ àdáni, ó sì lè san tó ₦3,000,000 fún dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́. Fún ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ẹrù ara rẹ̀, ₦20,000 ni, ó sì lè san tó ₦5,000,000. Nígbà tí mo délé, mo yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò lórí askniid.org, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn ọkọ̀ tó ní ìnṣọ́ránsì tòótọ́ sí. Kò sí níbẹ̀. Ayédèrú ni ìwé náà. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní òun á máa san díẹ̀díẹ̀. Ó san ₦80,000, ó sì pa fóònù. Títí dòní, mi ò gbóhùn ẹ̀ mọ́.

Bó ṣe di ìnṣọ́ránsì tèmi nìyẹn. Comprehensive ni mo ṣe, èyí tó ń san owó ọkọ̀ ẹni fúnra ẹni. Ibí gan-an ni àṣìṣe tèmi wà, ẹ má sì jẹ́ kí n fi pa mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wá sí ìpàdé wa rí mọ̀ pé mo máa ń wàásù ìnṣọ́ránsì oko. Mo máa ń sọ fún àwọn aládìyẹ pé tẹ́ ẹ bá ní 1,000 adìyẹ, ẹ má kọ 500 sínú ìwé nítorí kí owó tẹ́ ẹ máa san lè kéré. Tí 200 bá kú, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé ìlàjì oko lẹ kọ sílẹ̀, nítorí náà ìlàjì òfò ni àwọn máa san, owó 100 adìyẹ. Mo mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Ọkọ̀ ara mi ni mi ò sọ ọ́ fún.

Lọ́dún 2022, ₦2,000,000 ni mo kọ pé ọkọ̀ mi tó. Mo san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦100,000. Lọ́dún 2023 àti 2024, nígbà tí mo fẹ́ tún un san, ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣe é bi mí pé, "Àǹtí, ṣé iye ọkọ̀ yín ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí owó mi lé. Àmọ́ láàárín ìgbà yẹn, náírà ti já. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí ₦460 ti kọjá ₦1,500 nígbà tí ìjàǹbá yẹn ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ gbówó lórí, tí a ti lò ní Nàìjíríà náà sì tẹ̀lé e. Sienna mi tó ti ń dípẹtà lábẹ́ ilẹ̀kùn wá wọ́n ju ìgbà tí mo rà á lọ.

Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán àdíjọ́sítà wá, ìyẹn ẹni tó ń wo ohun tó bàjẹ́, tó sì ń ṣírò iye rẹ̀. Ó bá ìdì ẹ̀fọ́ tó ti rọ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó bi mí pé, "Ta ló ni ẹrù yìí? Ṣé wọ́n sanwó fún yín?" Mo sọ òótọ́ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé mo gbowó ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, torí ọkọ̀ àdáni ni mo kọ sínú ìwé, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń kó ẹrù fún owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ àdáni kó agbọ̀n tòmátì ẹlòmíràn lọ sí Mile 12 fún owó, ẹ gbọ́ o. Wọ́n lè kọ̀ láti san.

Ó tún sọ fún mi pé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ò kan ẹ̀fọ́ náà rárá. Ìnṣọ́ránsì ẹrù tó wà lójú ọ̀nà wà lọ́tọ̀. Mo fún Màmá ní ₦25,000 lápò ara mi. Wọ́n dá ₦10,000 padà, wọ́n ní, "Ẹni tó bá mi gbé ẹrù ò gbọdọ̀ jẹ gbèsè tán."

Mẹkáníìkì mi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àdíjọ́sítà lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí Àgíríkì, ẹ jẹ́ ká bù ú lé. Ká kọ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Wọ́n á gé e, ohun tó bá kù á tó wa lò. Ẹ ẹ́ kàn wá nǹkan fún mi." Mi ò gbà. Kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀rù ló bà mí, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá mú irọ́ kan nínú ìwé, wọ́n lè torí ẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Iye tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá fún àtúnṣe jẹ́ ₦1,100,000. Mo ti mú bírò. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ ló ní kí n dúró: "Ohun tí ojú rí níta ni wọ́n ṣírò. Ní kí wọ́n tú iwájú ọkọ̀ náà kí wọ́n tún un wò." Mo kọ lẹ́tà, mo bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n rí i pé ìsàlẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti ṣẹ́, apá kan gíà sì ti là. Iye náà di ₦1,500,000. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni sùúrù yẹn gbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Inú mi dùn fún ọjọ́ méjì. Ìgbà tí ìwé ìsanwó dé, ₦700,000 ló wà nínú ẹ̀. Mo ro pé wọ́n ṣì í kọ ni. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ọkọ̀ mi tó ₦4,000,000 lọ́jà lọ́jọ́ tó fara gbá, ₦2,000,000 ni mo kọ, ìlàjì nìyẹn, nítorí náà ìlàjì ₦1,500,000 ni wọ́n máa san, ìyẹn ₦750,000. Wọ́n wá yọ ₦50,000 tó jẹ́ pé àdéhùn ni pé èmi fúnra mi ni máa kọ́kọ́ gbé nínú òfò yòówù. Mo wá ìwé mi jáde nínú dúrọ́ọ̀. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, mo sì ti fọwọ́ sí i lọ́dún mẹ́ta léraléra. Ìwàásù tí mò ń wà fún aládìyẹ ló padà wá bá mi nílé.

Ìpinnu wá dé. Mẹkáníìkì ní tí òun bá fẹ́ ṣe é kó dára, ₦1,900,000 ni gbogbo ẹ̀ máa ná mi, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan ni àdíjọ́sítà gbà: àwọn nǹkan tó ti gbó tẹ́lẹ̀, ọ̀dà, àti iṣẹ́ ọwọ́. Tí mo bá yọ ₦700,000 ti ìnṣọ́ránsì, ₦1,200,000 ló kù tí mo máa wá. Ọkọ mi ní ká tún un ṣe, torí ọkọ̀ ńlá wúlò fún àwa àtàwọn ọmọ. Ìyá mi ní, "Orí ẹ ló gbà ẹ́. Jẹ́ kí irin lọ." Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbi iṣẹ́ ṣe tán láti yá mi ní ₦1,200,000, kí n dá ₦1,320,000 padà láàárín oṣù 18. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ₦73,000 lóṣù kan, wọ́n á sì máa yọ ọ́ látinú owó oṣù mi. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ mi sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti ìwé. Mo ní kí n ṣe é bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn alágbẹ̀ ṣe é. Ohun tí mo kọ nìyí:

Tí mo bá tún un ṣe: ọkọ̀ tó ti fara gbá ò lè pa iye ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń tà á sọ fún mi pé ₦3,200,000 ló máa tó lẹ́yìn àtúnṣe, kì í ṣe ₦4,000,000. Mo yọ ₦1,200,000 owó ara mi. Ó ku ₦2,000,000.

Tí mo bá tà á bó ṣe wà: ẹnìkan ti ní òun máa ra òkú ọkọ̀ náà ní ₦1,350,000. Mo fi ₦700,000 kún un. Ó jẹ́ ₦2,050,000.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìyàtọ̀ ₦50,000 péré! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ronú, mo rò pé àtúnṣe ni èrè, títà ni òfò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí mo kọ́kọ́ rà á, àjọ tí mo kó, ọ̀sán tí mo fi fọ̀ ọ́, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó wọ inú ìṣirò. Owó tó ti lọ ti lọ. Ohun tí à ń bi ọkọ̀ ni pé: láti òní lọ, kí lo máa gbà lọ́wọ́ mi, kí lo sì máa fún mi?

Mo wá rí i pé a kì í da adìyẹ tó ti darúgbó dúró nítorí ẹyin tó yé lọ́dún tó kọjá. Tí oúnjẹ tó ń jẹ bá ti ju owó ẹyin tó ń yé lọ, mo máa ń ní kí ẹ tà á. Mo lọ kó ìwé owó tí mo ti ná lórí Sienna náà láàárín ọdún kan ṣáájú ìjàǹbá. ₦410,000. Gíà, bọ́ńbù omi, ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Adìyẹ mi ti ń jẹ oúnjẹ púpọ̀ kí ó tó fẹsẹ̀ ṣẹ́.

Síbẹ̀, ₦50,000 kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn torí ẹ̀ ta ọkọ̀. Mo fẹ́ mọ nǹkan kan sí i. Mo wá bàbá kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tipẹ́ ní Ládípọ̀, ní Mushin, mo san owó ọkọ̀ wọn, wọ́n sì wá. Wọn ò wo ọ̀dà, wọn ò wo iná. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú okùn. Wọ́n wọn láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì, wọ́n sì tún wọn láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kọ́ ilé adìyẹ rí mọ̀ ọ́n: bí a ṣe ń wọn ìpìlẹ̀ láti igun dé igun nìyẹn, kí ilé má bàa wọ́. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Ìyàtọ̀ ìka mẹ́ta ló wà láàárín wọn.

Bàbá náà nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo lè fà á padà, iṣẹ́ mi ni. Tó o bá ní kí n ṣe é, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Táyà rẹ á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Tó o bá sáré, ọwọ́ ìdarí á máa fà. Tó o bá sì tún fara gbá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ibi tí mo ti fà yẹn ló máa kọ́kọ́ ká." Wọ́n gba owó ọkọ̀ nìkan. Wọn ò gba owó iṣẹ́ tí wọn ò ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti fa fọ́ọ̀mù alájẹṣẹ́kù ya. Oṣù 18 ni mo máa fi san gbèsè ọkọ̀ tí mi ò ní lè fọkàn tán lórí eré. Mo sì mọ ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Mo mọ àwọn tírélà tó ń sáré níbẹ̀.

Mo ta á. Ọjọ́ tí wọ́n wá fi ọkọ̀ ìfà gbé e lọ, mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn bá mi di àpò tí mo kó jáde látinú ẹ̀ mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyà tó wà níbẹ̀ náà, kí ẹ má bàa rò pé títà ò ní wàhálà. Fún oṣù mẹ́rin, ọkọ̀ èrò àti ọ̀kadà ni mo ń wọ̀. Àwọn abúlé tí mo máa ń dé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, mo dé wọn lẹ́ẹ̀kan. Àgbẹ̀ kan tí kòkòrò wọ oko àgbàdo rẹ̀ pè mí, kí n tó débẹ̀, ó ti bàjẹ́ kọjá ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Owó tó wà nílẹ̀ náà sì ń pè mí lójoojúmọ́: owó ilé ìwé, ìnáwó ẹbí. Mo gbé e lọ sí àkáǹtì tí mi ò ní káàdì ẹ̀ lọ́wọ́, bíbẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á di owó oúnjẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2025, mo fi ₦350,000 kún un, mo ra Nissan Micra kan ní ₦2,400,000. Kí n tó sanwó, bàbá Ládípọ̀ yẹn wá fi okùn wọn ọ́n. Mo kọ ₦2,400,000 gan-an sínú ìwé ìnṣọ́ránsì, mo san ₦120,000. Ó dùn mí lápò, àmọ́ mo sùn dáadáa. Micra ò lè gbé ìdì ẹ̀fọ́ púpọ̀. Màmá ti ń fi tiwọn ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ọjà.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo ní ká máa ta ọkọ̀ tó bá ti fara gbá o. Lọ́dún 2025 yẹn náà, aládìyẹ kan ní Ìkòròdú pè mí. Wọ́n ti gbá pick-up rẹ̀ lẹ́yìn, ó ní kí n wá ràn òun lọ́wọ́ ronú. Iye tó kọ sínú ìwé ò yàtọ̀ sí iye ọjà, nítorí náà gbogbo owó àtúnṣe ni wọ́n san, àyàfi díẹ̀ tó jẹ́ àdéhùn. A wọn abẹ́ rẹ̀, okùn méjèèjì dọ́gba. Ara nìkan ló bàjẹ́. Ọkọ̀ yẹn ló sì ń kó ẹyin lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Láti ìgbà tó ti dúró, ₦35,000 ló ń fi háyà ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. ₦105,000 lọ́sẹ̀ kan! Mo ní, "Bàbá, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò, ẹ tún un ṣe." Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìṣirò kan náà ni a ṣe, ìdáhùn ló yàtọ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè yìí, ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀, ẹ má fi sórí nìkan:

1. Ṣé wọ́n ti tú ọkọ̀ náà wò nínú kí wọ́n tó sọ iye? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó ṣòro láti padà lọ bèèrè sí i.

2. Nínú iye tí wọ́n ní àtúnṣe máa jẹ, èló ló máa wọ ọwọ́ yín gan-an lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tí wọ́n fẹ́ yọ?

3. Èló ni mẹkáníìkì méjì tí kò mọra wọn sọ? Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà nìkan. Kò lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má ṣe é.

4. Ṣé abẹ́ ọkọ̀ ṣì tọ́? Tí ó bá ti wọ́, ẹ rántí pé ẹ̀mí lẹ fẹ́ fi gbé e.

5. Èló ló máa tó lẹ́yìn àtúnṣe, èló sì ni wọ́n máa ra òkú rẹ̀ bó ṣe wà? Ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

6. Èló ni ọkọ̀ náà ń mú wọlé lọ́sẹ̀, tàbí èló lẹ̀ ń ná torí pé kò sí? Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a kàn fẹ́ràn.

7. Tẹ́ ẹ bá máa yáwó, ṣé ọkọ̀ náà ló máa san án, àbí owó oṣù, àbí owó irúgbìn ọdún tó ń bọ̀? Ẹ má fi owó irúgbìn tún ọkọ̀ ṣe.

Ohun kan tó kù kì í ṣe ìbéèrè, iṣẹ́ òní ni. Ẹ mú ìwé ìnṣọ́ránsì yín jáde báyìí. Ẹ wo iye tẹ́ ẹ kọ sí i. Tó bá jẹ́ iye ọdún 2022, ẹ pè wọ́n kí wọ́n yí i padà kó tó di pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ wo irú ìlò tí wọ́n kọ síbẹ̀, àdáni ni àbí ìkẹ́rù. Ẹ yẹ nọ́ńbà yín wò lórí askniid.org, torí láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń lo ayédèrú, kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló ń rẹ́ jẹ. Irú èmi tó bá gbá lọ́nà ló ń rẹ́ jẹ.

Màmá oníṣọkọ ṣì máa ń bi mí lórí fóònù pé, "Ọkọ̀ kékeré yẹn ńkọ́?" Mo máa ń ní, "Màmá, ó ń rìn, kò sì sí gbèsè lórí ẹ̀."

Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Èyí tí mo bá mọ̀, màá dáhùn. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lójú pópó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ ilé adìyẹ.

Ire o.